Àdán Dorí Kodò: Ẹjọ́ tí Àlọ́ Dá Láìgbọ́ Tẹnu Ẹranko

Ní àárín ìlú Kumasi, láàrin ibùdókọ̀ Kejetia, pápá ìsáré ẹṣin àtijọ́ àti Ilé Àṣà Orílẹ̀-Èdè, ọgbà ẹranko kan wà níbẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ Asanteman dá sílẹ̀ ní 1951, tí a sì ṣí ní 1957. Àwọn ẹranko tí a torí wọn kọ́ ọgbà náà wà nínú àgò onírin. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe àwọn tí ẹnikẹ́ni mú wá. Àdán ni wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lókè àgò, tí wọ́n dorí kodò, tí wọ́n ń wo ọkọ̀, ọjà àti ọmọ ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó tì wọ́n mọ́lé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a gbéra lọ sínú igbó àti oko láti wá èso. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a ti padà sórí igi wọn.

Yorùbá ní òwe kan tí ó bá ìran yìí mu: àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó mọ òwe náà. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ènìyàn dákẹ́, kí ó máa ṣọ́ ìwà àwọn ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó fo ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Òwe náà gbà pé àdán ní ojú tí ó fi ń rí nǹkan. Ó gbà pé ó ní inú tí ó fi ń rò. Ó sì gbà pé orí igi, ní ìdorí-kodò, jẹ́ ibi tí a ti lè wo ayé kí a sì rí i ní òtítọ́. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ àlọ́ ní ilé-ìwé ti gbà lọ́wọ́ ẹranko. Ó ti sọ àlọ́ di ilé-ẹjọ́ níbi tí a ti ń dá ẹranko lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sì fi irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọdé lórí ẹranko, lórí ènìyàn ni ó ti kọ́ ọ.

Ìbéèrè tí ó pa àlọ́

Kò sí àní-àní pé ẹni tí ó bá wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a ti ń kọ́ àlọ́, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Kumasi, yóò gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́yìn àlọ́ náà: kí ni ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa? Ìdáhùn ti wà ní sẹpẹ́ kí olùkọ́ tó béèrè. Má ṣe jalè. Má ṣe purọ́. Má ṣe ojúkòkòrò bí Ìjàpá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ gbólóhùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè ìdánwò láìtẹ́tí sí àlọ́ rárá.

Bẹ́ẹ̀, àlọ́ kò ṣeé ká kò báyìí. Nínú àwọn àlọ́ tí Adébóyè Babalọlá kó jọ sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ní 1973, àti nínú ọ̀pọ̀ tí àwọn àgbà ń pa kí ìwé náà tó jáde, Ìjàpá gbọ́n, ó gọ̀, ó tan ẹni tí ó lágbára jù ú lọ, ojú sì tún tì í. Bákan náà ni Ananse, aláǹtakùn inú Anansesem àwọn Akan: òun ni ọlọ́gbọ́n, òun náà ni ọgbọ́n ń sá mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀dá tí kò ní ipá, tí ó ń gbé láàrin ẹkùn, erin àti ọba, kò lè ní ìwà kan ṣoṣo. Bí ayé bá ti ń yí ni òun náà ń yí. Láti bèèrè ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi agbọ̀n pọn omi.

Ìtàn àdán ni ó fi àṣìṣe yìí hàn jù. A mọ ìtàn náà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì wà láàrin àwọn ìtàn tí a fi orúkọ Aesop ará Gíríìsì pè. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ẹyẹ àti àwọn ẹranko ilẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ ń borí, àdán na apá rẹ̀, ó ní ẹyẹ ni òun. Nígbà tí ẹranko ń borí, ó fi eyín rẹ̀ hàn, ó ní ẹranko ni òun. Nígbà tí ogun parí, tọ̀tún tòsì lé e dànù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jáde àfi lóru. Ẹ̀kọ́ tí a fà yọ kò ju ọ̀kan lọ: má ṣe jẹ́ olójú méjì.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kéde ogun náà? Ṣé a pe àdán sí ìpàdé tí a ti pinnu rẹ̀? Èéṣe tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá jọ ìhà méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan? Nínú ìtàn yìí, ẹyẹ rojọ́, ẹranko ilẹ̀ rojọ́, a sì dá ẹjọ́ náà. Yorùbá ní orúkọ fún irú onídàájọ́ bẹ́ẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ ni ó ń kọ́ òwe yìí ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n sì ń ṣe ohun tí ó kọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ nípa ẹ̀dá náà tún mú kí ẹjọ́ yìí burú sí i. Àdán kì í ṣe ẹyẹ, nítorí pé ó ń fún ọmọ rẹ̀ ní ọmú. Kì í sì í ṣe ìbátan eku. Ẹ̀yà tirẹ̀ ni ó jẹ́, òun nìkan sì ni ẹranko afọ́mọlọ́mú tí ó ń fò ní tòótọ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà sọ pé àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó sọ ọ́ di èébú ni ó ṣàṣìṣe.

Nígbà tí ènìyàn di àdán

Àwọn tí yóò ní àwàdà lásán ni èyí gbọ́dọ̀ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kumasi kan náà. Kí ó tó di 1969, àwọn Yorùbá pọ̀ ní ọjà àti ní àdúgbò àwọn àlejò ní ìlú náà, bí wọ́n ti pọ̀ ní àwọn ìlú Gánà mìíràn. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìgbòho. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni a bí sí Gánà, tí wọ́n ń sọ èdè Twi ní ìta, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá nínú ilé. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà tú, gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sọnù, ọkọ̀ kún. Nígbà tí wọ́n dé ìlú tí àwọn òbí wọn ti wá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ náà kò tí ì rí rí, orúkọ tí a fi kí wọn káàbọ̀ ni ará Gánà. Ẹyẹ ní ẹranko ni wọ́n. Ẹranko ní ẹyẹ ni wọ́n.

Kò pé ọdún mẹ́rìnlá kí ìjọba Nàìjíríà tó san ẹ̀san. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1983, ó pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tí ó di ẹrù wọn sínú àpò aláràbarà tí a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Ọrọ̀ ajé Gánà kò dára ní 1969. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1983. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí kò ní ìhà ni ó rọrùn láti fi rúbọ nígbà tí nǹkan bá le.

Àlọ́ kọ́ ni ó lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti kọ́ láti kékeré pé ẹ̀dá tí kò jọ ìhà kan jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ kò ní nǹkan tuntun láti kọ́ nígbà tí ìjọba bá kéde pé kí àlejò máa lọ. A ti parí ẹ̀kọ́ náà fún un nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àlọ́ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Bí àdán bá la ẹnu

Ohun tí a ń bèèrè kò tilẹ̀ jẹ́ àjèjì sí àṣà. Nínú ẹsẹ Ifá, irú èyí tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní 1968, ẹranko àti ẹyẹ ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo bí ènìyàn. Wọ́n ń bèèrè ọmọ, ẹ̀mí gígùn àti ìṣẹ́gun ọ̀tá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ń ṣiyèméjì, wọ́n ń rú ẹbọ tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́, ayé wọn sì ń yí padà. Nínú ìjálá, ọdẹ tí ó fẹ́ pa erin ni ó ń kì í. Kí ó tó lè kì í, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ìrìn rẹ̀, ìjẹ rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀. Àwọn baba ńlá tí ń jẹ ẹran ìgbẹ́ fún ẹranko ní ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ọmọ wọn tí ń ra ẹran ní ṣọ́ọ̀bù ni ó gba ẹnu rẹ̀.

Bí olùkọ́ kan bá wá fún àdán ní ààyè láti rojọ́, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́:

“Ẹ ní mo dorí kodò. Ta ni ó sọ fún yín pé ẹ̀yin ni ẹ dúró dáadáa? Bí mo bá ti so rọ̀, iṣan ẹsẹ̀ mi a tì pa fúnra rẹ̀, àárẹ̀ kì í mú mi. Láti ibi tí mo wà, ẹ̀yin ni ẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀run. Ẹ ní mo wá bá yín láàrin ìlú. Kumasi, abẹ́ igi kum ni ó túmọ̀ sí. Ẹ fi igi sọ ìlú lórúkọ, ẹ sì gé igi. Níbi tí ó kù sí ni mo so rọ̀ sí. Ṣé èmi ni mo wá bá yín, àbí ẹ̀yin ni ẹ wá bá mi? Nígbà ogun, kò sí ẹni tí ó pè mí sí ìpàdé. Ẹyẹ ní mo ní eyín, ẹranko ní mo ní apá. Ibi tí mo bá fò sí, ẹ̀rù ni ó gbé mi débẹ̀, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ń bí lọ́dún, àyà ni mo sì ń gbé e mọ́ fò. Ẹni tí ó gbé ọmọ mọ́ àyà kì í wá ìhà tí ó ń borí. Ibi tí ìbọn kò ti ń dún ni ó ń wá. Ẹ ní ìtìjú ni ó mú mi máa jáde lóru. Òru ni èso mi ń dùn, òru ni àṣá ń sùn. Ẹni tí kò mọ òru ni ó ń pè é ní ìtìjú.”

Kò sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó nira fún ọmọ ọdún mẹ́wàá láti yé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ kò tún ní lè dáhùn ní kíá pé olójú méjì ni àdán.

Àwọn tí yóò takò

Àwọn onímọ̀ kan yóò sọ pé ẹranko inú àlọ́ kì í ṣe ẹranko, pé ènìyàn ni wọ́n fi ẹranko bò. R. S. Rattray, tí ó ṣiṣẹ́ ìwádìí pẹ́ láàrin àwọn Asante, sọ irú èyí nínú ìwé rẹ̀ Akan-Ashanti Folk-Tales ní 1930. Ó ní orúkọ ẹranko ni a fi ń rọ́pò orúkọ àwọn ènìyàn ńlá tí kò ṣeé bú ní gbangba. Ìdajì òtítọ́ ni. Àlọ́ a máa gba aláìlágbára lọ́wọ́ ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìbòjú lásán ni ẹranko, èwo ni ó kan àlọ́ bí ìbòjú náà bá jẹ́ aláǹtakùn tàbí erin? Àwọn tí ó yan aláǹtakùn yàn án nítorí pé wọ́n ti wò ó: ó kéré, ó ń hun okùn láti inú ara rẹ̀, ó ń dúró dè. Ìwòye ni ó ṣáájú ìbòjú. Lámèyítọ́ tí ó fo ẹranko láti lọ bá ènìyàn ti fo ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọmọdé nílò ẹ̀kọ́ ìwà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwà wo ni ó ga ju kí ènìyàn lè dúró ní ipò ẹlòmíràn kí ó tó dá a lẹ́jọ́? Ìwà yìí kò ṣeé fi àṣẹ kọ́. Ìdánrawò ni a fi ń kọ́ ọ, àlọ́ ẹranko sì ni pápá ìdánrawò tí ó dára jù, nítorí pé bí ọmọ bá lè fi ojú àdán wo ọjà, kò ní ṣòro fún un láti fi ojú àlejò wò ó.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí yóò sọ pé àdán ń gbé àrùn kiri, pé ìkáàánú fún un léwu. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ tì. Ní 2009, a tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn olùṣèwádìí rí àmì fáírọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ti ẹbí Henipa lára àwọn àdán ọgbà ẹranko Kumasi gan-an. Nígbà tí Ebola ń jà ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró láti 2014 sí 2016, ẹ̀rù àdán ba ènìyàn púpọ̀ ní Gánà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà kò wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí fáírọ́ọ̀sì tó kúrò lára àdán tí ó so rọ̀ sórí igi, ó di ìgbà tí ènìyàn àti òun bá fara kanra. Ẹni tí ó yìn ín níbọn, tí ó pa á, tí ó kun ún, ni ó sún mọ́ ewu náà jù. Láti mọ ibi tí ewu wà, ó di dandan kí a mọ bí àdán ti ń gbé.

Ohun tí àìgbọ́ tẹnu ẹranko ń gbà lọ

Àmì àwọn Asante ni òòrẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kotoko, orúkọ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá Kumasi ń jẹ́ láti 1935. Ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ó bá a rìn ni pé bí o bá pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn yóò wá. Ọ̀rọ̀ akin ni, ó sì yẹ ẹni tí ó ní ẹ̀gún lára. Ṣùgbọ́n àdán kò ní ẹ̀gún. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé, ó kéré tán, 128,000 àdán ẹ̀yà yìí ni a ń tà fún jíjẹ lọ́dọọdún ní gúúsù Gánà. Ẹ̀dá tí ó ń bí ọmọ kan lọ́dún kò lè fi ẹgbẹ̀rún rọ́pò ẹgbẹ̀rún. Àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀yà tí ó ń sún mọ́ ewu àkúrun.

Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Igi tí àwọn Akan ń pè ní odum ni Yorùbá ń pè ní ìrókò. Àwọn olùṣèwádìí nípa igbó ní Gánà ti fi hàn pé àdán yìí ni olórí ẹni tí ń gbé kóró rẹ̀ kiri. Ìwádìí kan ní 2016 sọ pé ó lè gbé kóró kékeré dé ibi tí ó jìnnà tó 75 kìlómítà. Òmíràn ní 2019 ṣe ìṣirò pé àwọn àdán Accra, nígbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n tó 152,000, ń tú kóró tí ó lé ní 300,000 ká ní òru kan ṣoṣo. Yorùbá ń bẹ̀rù ìrókò, wọ́n ń kì í, wọ́n ń fi aṣọ funfun ró o, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ wọn pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ń gbìn ín.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ẹni tí ó ní kí a jó ìwé àlọ́ níná tàbí kí a pa ẹ̀kọ́ ìwà rẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí ìbéèrè ẹ̀kọ́ di èyí tí ó kẹ́yìn, kí mẹ́ta mìíràn sì ṣáájú rẹ̀ nínú gbogbo ìwé àti iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a ti ń kọ́ àlọ́ ní èdè Yorùbá, Twi, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Èkínní: ta ni ó ń sọ ìtàn yìí, ta ni kò sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Èkejì: kí ni ẹranko yìí rí láti ibi tí ó wà, tí àwọn yòókù kò rí? Ẹ̀kẹta: kí ni ó yí padà ní ayé rẹ̀, ọwọ́ ta ni ìyípadà náà sì ti wá? Ọmọ tí ó bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wá sọ ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́. Yóò jẹ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀yìn ìwé.

Ẹ̀yà àdán kan náà tí ó wà ní Kumasi ni ó ń gbé lórí igi ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá ti kàwé jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba abẹ́ igi náà kọjá lọ gba ẹ̀kọ́ lórí àlọ́, wọn kò gbójú sókè. Kì í gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti mú akẹ́kọ̀ọ́ jáde síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì wo àwọn àdán títí wọn yóò fi gbéra. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àlọ́ náà.